Ọjọ́ Tí Gbogbo Ọjà Bá Mi Pe Tèmi

Ẹ̀yin èèyàn mi tó wà lórí péèjì yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè lónìí kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í sábà kọ nǹkan síbí. Tiyín ni mo máa ń kà, màá tẹ ọkàn pupa kékeré yẹn, màá sì bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń yí nínú mi láti oṣù mẹ́ta, mo rò pé ó ti tó kí n sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Peckham, ní England níbí, mọ̀ pé èmi kì í fi fọ́ọ̀mù ṣeré. Bí ti council bá dé, bí ti ilé ìwòsàn bá dé, lẹ́tà gàdàgbà ni mo fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú bírò dúdú, n kì í sì í fi àyè kankan sílẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pàápàá máa ń kó tiwọn wá pé kí n bá àwọn kọ ọ́. Àmọ́ fọ́ọ̀mù tí mò ń sọ yìí, ìlà kan wà nínú rẹ̀ tí n kò rí nǹkan kọ sí.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe, ọdún kọkàndínlógún rèé. Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà òyìnbó kan ní Nunhead ni mo wà. Peggy lorúkọ wọn. Ẹnu mi kò gbà á kí n máa pe ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ní Peggy lásán, ni mo bá ń pè wọ́n ní Màmá Peggy. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní àwọn ò rántí ìgbà tí àwọn bí ọmọ kankan sí Nàìjíríà. Nígbà tó yá, bí mo bá gbàgbé pe Màmá, wọn á bi mí pé kí làwọn fi ṣẹ̀ mí. Rónkẹ́ tèmi náà nira fún wọn, wọ́n sọ mí di Ronnie.

Atukọ̀ òkun ni ọkọ wọn nígbà ayé rẹ̀. Ó máa ń ròyìn àwọn ìlú apá ìlà oòrùn ayé fún wọn, Singapore, Saigon, Bangkok. Màmá Peggy ní àwọn kò ní kú láì fi ojú ara àwọn rí wọn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó wà ní Australia, ló ṣètò ìrìn àjò náà, àmọ́ ó ní Ronnie gbọ́dọ̀ bá wọn lọ. Bí èmi Rónkẹ́ ọmọ Ìkirè, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì 78 ni ọkọ̀ tí mo mọ̀ jù láyé, ṣe wọ ọkọ̀ òkun tó ga ju ilé tí mò ń gbé lọ nìyẹn.

Ní Singapore tí a ti wọ ọkọ̀ ni wọ́n ti fún wa ní fọ́ọ̀mù. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù, oògùn tí èèyàn ń lò. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ó wá ku ìlà kan nísàlẹ̀: ta ni kí a pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí yín?

Mo wo ìlà yẹn títí. Ọkọ mi? A ti pínyà láti ìgbà tí ọmọ wa wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Àwọn òbí mi ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn kì í gbé fóònù tí kò bá mọ nọ́ńbà ẹni tó ń pè. Mo bá kọ Màmá Peggy. Ọmọbìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù wò ó, ó rọra rẹ́rìn-ín. Ó ní Madam, ẹ̀yin àti ìyá yìí lẹ jọ ń lọ, inú yàrá kan náà lẹ ó wà, bí nǹkan bá ṣe ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́? Ó fa ìlà sórí orúkọ náà, ó ní tí mo bá ti rí ẹlòmíràn, kí n wá bá wọn ní káńtà inú ọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti ìwé pélébé kan bọ abẹ́ ilẹ̀kùn wa: ẹ jọ̀ọ́, fọ́ọ̀mù yín kò tíì pé. Mẹ́ta ni mo ti gbà kí a tó dé Saigon. Èmi! Fọ́ọ̀mù tèmi ni kò pé!

Ẹ ó ní ṣé n kò bímọ ni? Mo bímọ. Ọ̀kan ṣoṣo, obìnrin. Tèmítáyọ̀ lorúkọ rẹ̀, Tèmi là ń pè é. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, Leeds ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mọ́mì Tèmi ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Wọn ò mọ̀ pé nígbà tí à ń wí yìí, oṣù mọ́kànlá ni Mọ́mì Tèmi àti Tèmi kò fi gbóhùn ara wọn.

Kí ló fà á? Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, torí pé kò tóbi. Ọjọ́ Sunday kan ló pè mí. Dípò kí n dáhùn ìkíni rẹ̀, mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ méjì rèé tó ti pè mí gbẹ̀yìn. Mo kà á fún un bí ẹni ń ka ẹ̀sùn. Ó ní ẹ̀yin náà lè pè mí o. Mo ní níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọ ló ń pe ìyá rẹ̀ kí i. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, bílẹ̀ bá ti mọ́, èmi ni mò ń lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá mi. Ìyá mi kò wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tèmi rí.

Ó wá ní, "Mọ́mì, fóònù tiyín náà máa ń pe èèyàn." Ó sì gbé e sílẹ̀.

Kò pè mọ́. Èmi náà kò pè. Mò ń dúró kó ṣe ohun tó tọ́, kí n má bàa bà á jẹ́. Nígbà Kérésì ó fi ọ̀rọ̀ kúkurú kan ránṣẹ́, mo fi Àmín dá a lóhùn. Nígbà tó kó kúrò nílé tó ń gbé tẹ́lẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́. Èmi tí mò ń bá gbogbo ayé kọ fọ́ọ̀mù, n kò mọ àdírẹ́sì ọmọ mi.

Báwo ni n ó ṣe wá kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà yẹn? Ẹni tí kì í pè mí nígbà tí mo wà lórí ìdúró, ṣé òun ni kí wọ́n wá pè nígbà tí mo bá ṣubú?

Ó ku nǹkan kékeré kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Nígbà tí Tèmi wà nílé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì níbí, ó kó èdè àwọn ọmọ Peckham. Lọ́jọ́ kan ó dúró lókè àtẹ̀gùn, ó pè mí: "Má, oi!" Mo ní oi? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí? Ṣé ajá tó ń já lọ lò ń pè ni? Ó bẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó wá síwájú mi ní kíṣìnnì, ó kúnlẹ̀ dáadáa, eékún méjèèjì nílẹ̀, ó tẹríba, ó wá rọra ní, "Má, oi." Mo gbìyànjú kí n má rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín já mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ló ti di orúkọ tí òun nìkan ń pè mí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé Saigon.

Èbúté tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí jìnnà sí ìgboro, wákàtí méjì ni bọ́ọ̀sì fi ń gbé èèyàn wọ̀lú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ Màmá Peggy wú. Nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ ní kí wọ́n gbé e sórí ìrọ̀rí, kí wọ́n má lọ síbì kankan. Mo ní èmi náà ò lọ mọ́. Wọ́n ní kí n má da àwọn láàmú, pé láti ọdún mẹ́rin, àwọn ò tíì rí ọjọ́ kan tí mo lò fún ara mi. Wọ́n fún mi ní káàdì kan tí wọ́n kọ sí ọmọ wọn, kí n bá wọn fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ọkọ wọn ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn láyé ọjọ́un. Mo kí wọn pé ó dàbọ̀ o. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ fi àkókò yẹn sọ́kàn.

Nínú bọ́ọ̀sì, méjìméjì ni gbogbo èèyàn jókòó, èmi àti báàgì mi la jọ jókòó. Wọ́n fún wa ní ìwé kan: bọ́ọ̀sì ìkẹyìn yóò kúrò níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ọkọ̀ òkun kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Mo fi bírò fa ìlà sí abẹ́ aago mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò tíì rí alùpùpù! Mo rò pé mo mọ èrò. Mo mọ Rye Lane ní Peckham lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹni tó ń ra ẹja á máa fi ìgbúnwọ́ ti ẹni tó ń ra irun. Eré ni. Ní Saigon, alùpùpù ń ṣàn lójú títì bí àgbàrá, kò sí ibi tó ti já. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì lórí ẹyọ kan. Ẹnì kan gbé dígí ńlá sẹ́yìn, ó ń gbé ojú ọ̀run kiri ìgboro.

Mo dúró létí títì kí wọ́n dúró kí n kọjá. Wọn ò dúró. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni mo fi dúró síbẹ̀, mo wo aago. Mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé bí ọ̀kan nínú wọn bá gbá mi, ọlọ́pàá á tú báàgì mi, wọ́n á rí káàdì ọkọ̀, wọ́n á pe ọkọ̀, àwọn ará ọkọ̀ á wo fọ́ọ̀mù mi. Wọ́n á bá ìlà òfìfo.

Ìyá arúgbó kan, kékeré báyìí, kò ga dé èjìká mi, ló wá di ọrùn ọwọ́ mi mú láì sọ nǹkan kan. Ó kàn rìn wọ àárín alùpùpù, ó ń fà mí lọ jẹ́ẹ́, wọ́n sì ń yà fún wa ní ọ̀tún àti ní òsì. A dé òdìkejì, ó jọ̀wọ́ mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo dúró, mo ń wo ọwọ́ mi. Iṣẹ́ mi ni kí n di ọwọ́ àwọn èèyàn mú, kí n mú wọn kọjá títì, kí n mú wọn dé balùwẹ̀. Ìgbà wo lẹnì kan ti di tèmi mú gbẹ̀yìn? Mo gbìyànjú láti rántí ọjọ́ rẹ̀, n kò rí i.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ náà tóbi, ó mọ́, àwọ̀ òféèfèé ọsàn tó ti pọ́n ni wọ́n kùn ún. Mo na káàdì Màmá Peggy sí wọn, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Àwọn èèyàn kún ibẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò ara wọn. Tọkọtìyàwó kan fi ọwọ́ júwe fún mi pé kí n bá àwọn ya tiwọn, mo bá wọn yà á. Wọn ò bèèrè bóyá kí àwọn ya èmi náà. Bí wọ́n tilẹ̀ yà á, ta ni n ó fi hàn?

Mo kọ ọ̀nà sẹ́yìn ìwé bọ́ọ̀sì, ibi tí mo ti yà sí ọ̀tún àti ibi tí mo ti yà sí òsì, kí n má bàa ṣìnà, mo wá rìn lọ títí mo fi dé ọjà kan. Lẹ́nu ọjà, ìyá kan ń ta ẹ̀pà sísè tèèpotèèpo, bí èyí tí à ń jẹ nílé lásìkò òjò. Mo nawọ́ sí i. Ó fi agolo wọ̀n ọ́n, ó dà á sínú ọ̀rá, ó wò mí lójú, ó sì tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ènì! Ta ló kọ́ wọn ní ènì? Mo fẹ́ sọ fún ẹnì kan pé ẹ wò ó, àwọn náà ń fi ènì sí i. Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Mo wo aago: aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún. Láti ìgbà tí mo ti kí Màmá Peggy pé ó dàbọ̀, n kò tíì la ẹnu sọ̀rọ̀. Wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú méjìlá. Mo fi káàdì ránṣẹ́, mo ra ẹ̀pà, mo ya fọ́tò fún èèyàn, mo kọjá títì, ọ̀rọ̀ kan kò jáde lẹ́nu mi. Ohun tó wá dà mí láàmú ni pé kò ṣe mí bí ohun àjèjì. Ṣé bí mo ṣe ń lo ọjọ́ ìsinmi mi ní Peckham kọ́ nìyẹn?

Mo jókòó sórí àga ike kékeré kan, mo ń pa ẹ̀pà jẹ. Nígbà tó ṣe, mo wọ inú ọjà lọ, mo ń wo aṣọ, mo ń wo ẹja gbígbẹ. Èdè wọn ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, bíi tiwa. Bí èèyàn kò bá fi etí sílẹ̀ dáadáa, á rò pé àwọn èèyàn òun ló ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, ohùn ọmọbìnrin, ohùn gooro:

"Má, oi!"

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa. Bí o bá gbọ́ ìpè tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Ìyá mi kọ́ mi, ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Àádọ́ta ọdún ó lé ni mo ti pa á mọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀, mo ti yí padà, mo ti dáhùn lóhùn rara: "Ẹ̀n-ẹ́n! Tèmi! Kí ló dé?"

Ọmọbìnrin kan ni, ó tó bí ọmọ ogún ọdún, akoto alùpùpù ṣì wà lórí rẹ̀. Kò pè mí o! Ìyá rẹ̀ ló ń pè, obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an. Èmi àti ìyá náà la jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì ń wò mí. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo fi gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, ọmọ mi ni mo rò pé ó ń pè mí.

Ọmọ náà gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ohun tó gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi ni pé mò ń wá ọmọ mi. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi mí pé ọmọ yín ti sọnù? Nínú ọjà yìí? Kí n tó ṣàlàyé, ó ti sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti lu àtẹ pẹ̀kẹ̀, ó ti sọ fún ẹni tó ń ta bàtà, ẹni tó ń ta bàtà ti sọ fún gbogbo ẹsẹ̀ ìsọ̀. Ọmọbìnrin náà bi mí pé kí lorúkọ ọmọ mi. Èmi, bí òmùgọ̀, mo dáhùn: Tèmi.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó pariwo: "Tèmi, oi!"

Ẹlẹ́ja gbà á. "Tèmi, oi!" Aláṣọ gbà á. Ọkùnrin kan tó gbé ẹrù sórí dúró, ó kígbe rẹ̀ sí ọ̀nà kejì. Ohùn náà ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, mo ń gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán, mo ń gbọ́ ọ ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, orúkọ ọmọ mi, lẹ́nu àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n ń sọ ọ́ bó ṣe yẹ, àní àmì ohùn rẹ̀ pé, ó pé ju bí wọ́n ṣe ń pè é ní Leeds lọ!

Ó yẹ kí n dá wọn dúró. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi kọ̀ láti pe orúkọ yẹn, torí pé ọmọ ló ń pe ìyá. Àwọn àjèjì wá ń bá mi pè é, wọn ò bèèrè ta ló yẹ kó kọ́kọ́ pe ta. Omi kàn ń dà lójú mi. Bí wọ́n ṣe rí omi yẹn, wọ́n tún pariwo sí i.

Nígbà tí mo nu ojú mi tán, mo mú fóònù jáde, mo fi fọ́tò Tèmi han ọmọbìnrin náà. Mo ní kò sọnù. England ló wà. Leeds. Àlàáfíà ló wà. Ó wo fọ́tò, ó wò mí. Ó ní kí ló dé tí mo wá ń pè é ní Saigon? Mo ní kì í ṣe pé mò ń pè é. Ó ti pẹ́ tí a ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tó kóra jọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè nǹkan kan, ọmọ rẹ̀ túmọ̀: ṣé fóònù ọmọ náà ni kò ṣiṣẹ́ ni?

Mo ní ó ń ṣiṣẹ́.

Ìyá náà jókòó padà sẹ́yìn bọ́tìnnì rẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Ọmọ rẹ̀ ní, "Mọ́mì mi ní kí ẹ pè é, kí àwa lè dákẹ́."

Òótọ́ ni, nítorí pé ní òpin ọjà lọ́hùn-ún, ẹnì kan tí kò tíì gbọ́ pé kò sẹ́ni tó sọnù ṣì ń pariwo: Tèmi, oi!

Mo bojú wo aago láti fi ìtìjú pamọ́. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún! Ẹsẹ̀ mi nílò ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n kí n tó dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo fi ìwé bọ́ọ̀sì hàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó tún bi mí ní ìbéèrè. Ìyá náà bọ́ akoto orí ọmọ rẹ̀, ó fi dé mi lórí, ó so okùn rẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n mi bí ẹni ń múra fún ọmọ iléèwé. Mo tẹ orúnkún kí i pé ẹ ṣé. Ó gbá mi léjìká pé kí n máa lọ.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí, n kò gun alùpùpù rí láyé mi, nílé tàbí lájò. Mo dì mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, mo pa ojú dé. Nígbà tí iná ojú títì dá wa dúró, mo bi í kí ni oi túmọ̀ sí. Ó ní bí àwọn ṣe ń pe èèyàn nìyẹn, ó dùn létí, ó sì lọ́wọ̀ nínú. Má ni ìyá. Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ bá ọmọ mi jà lórí àtẹ̀gùn, ọ̀wọ̀ ni níbòmíràn.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú méjì ni a dé ibẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ti ń ti ilẹ̀kùn. Mo bọ́ akoto, mo dá a padà, mo tẹ ẹ̀pà tó kù sí ọmọ náà lọ́wọ́. Mo wọlé, mo jókòó, èmi àti báàgì mi.

Nígbà tí mo dé ọkọ̀, mo kọ́kọ́ lọ wo ẹsẹ̀ Màmá Peggy. Wíwú rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Mo ní mò ń bọ̀. Mo lọ sí káńtà, mo ní kí wọ́n mú fọ́ọ̀mù mi wá, kí wọ́n sì bá mi so fóònù mi mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Mo pe Tèmi. Àárọ̀ ṣì ni ní England. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dún lẹ́ẹ̀mejì, ó dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó gbé e, ẹ̀rù sì wà nínú ohùn rẹ̀.

"Mọ́mì? Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo ní mo wà nídìí káńtà kan, fọ́ọ̀mù kan ló wà níwájú mi, wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe mí. Mo ní oṣù mọ́kànlá rèé, mo mọ̀ pé èmi náà lè pè é, n kò pè é. Mo wá ní, "Ṣé wàá jẹ́ kí n kọ orúkọ rẹ?"

Mo ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ibi iṣẹ́, mo sì gbọ́ ilẹ̀kùn kan tó pa dé.

"Má, oi," ó ní. "Ta lẹ tún fẹ́ kọ?"

Mo ní kó pe àdírẹ́sì rẹ̀ fún mi. Ó pè é, mo kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà pẹ̀lú bírò dúdú. Mo kà á padà fún un lẹ́ẹ̀mejì kí n má bàa ṣì í. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ìwé kankan lábẹ́ ilẹ̀kùn wa.

N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan ti dára. Mo ti padà sí Peckham, ilé mi ṣì dákẹ́ bó ṣe wà. Màmá Peggy ṣì ń pè mí ní Ronnie. Aago mẹ́rin ọjọ́ Sunday ni mo máa ń pe Tèmi. Nígbà mìíràn a máa ń sọ̀rọ̀ pẹ́, nígbà mìíràn kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà, nígbà mìíràn kì í gbé e, màá sì jókòó ti fóònù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ n kì í ka ọ̀sẹ̀ fún un mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun ló kọ́kọ́ pè.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: mo fi òfin ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kí ta sọ ara mi di ẹni tó dá wà, mo sì ń pè é ní ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ dára, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò lè gbé fóònù nígbà tí wọ́n bá pe nọ́ńbà tó wà lórí fọ́ọ̀mù rẹ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Orúkọ ta lẹ ń kọ sí ìlà yẹn? Ṣé onítọ̀hún mọ̀ pé òun lẹ kọ? Ṣé ó ti ṣe yín rí kí ẹ dáhùn ìpè tí kì í ṣe tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, màá sì dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní kàn tẹ ọkàn pupa. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan wà tí ẹ ń dúró dè kó kọ́kọ́ pè yín, ẹ gba ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi sọ fún mi, tí mo fi oṣù mọ́kànlá bínú sí: fóònù tiyín náà máa ń pe èèyàn.